Bóòtù ìdí ẹ̀rọ pépà wa kì í dúró, a fún un tán ó tún tú

Ọmọ_Róòlù:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ní apá press ẹ̀rọ pépà wa, níbi tí róòlù méjì ti ń fún omi jáde lára pépà, férémù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mọ́tò wà tó gbé róòlù ìsàlẹ̀ dúró. Bóòtù mẹ́fà ló de ẹsẹ̀ férémù yẹn mọ́ soleplate, ìyẹn pílétì irin tó nípọn tó wà láàárín férémù àti kọnkéré. Mẹ́rin dúró digbí. Méjì tó kù, níbi tí omi máa ń dà sí jù, a ó fún wọn le bí òkúta lónìí, kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n ti dẹ̀. Gbígbọ̀n tí à ń wọ̀n lórí ilé bíárìn ti kúrò ní 2.5 mm/s, ó ti di 6. A ti pààrọ̀ bíárìn, a ti pààrọ̀ felt, ìyẹn aṣọ tó nípọn tó ń gbé pépà gba àárín róòlù, wọ́n tiẹ̀ gbé róòlù lọ lọ̀ kó lè yí po dáadáa, pàbó ló já sí.

Máníjà ní ká ṣáà máa fún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Èmi rò pé ká fi bóòtù tó tóbi ju ìyẹn lọ pààrọ̀ rẹ̀. Ohun míì tún ni pé tí ẹ̀rọ bá ń sáré, omi aláwọ̀ eérú kan máa ń yọ létí soleplate, á yọ á tún wọlé. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn kan ọ̀rọ̀ yìí.

Baba_Sípánà:
Nọ́ọ̀tì méjì lórí ara wọn, ní kí wẹ́dà jó wọn pọ̀, kó o gbàgbé wọn. Bí a ṣe ń ṣe é látijọ́ nìyẹn.

Wẹ́dà_Kékeré:
Bàbá, ẹ máà bínú o, iṣẹ́ wẹ́dà náà ni mò ń jẹ, síbẹ̀ mi ò ní jó bóòtù ìdí ẹ̀rọ fún ẹnikẹ́ni. Irin líle ni púpọ̀ nínú bóòtù wọ̀nyẹn, ibi tí iná bá kàn lára wọn á gan, ọjọ́ kan á kàn ṣẹ́ bí igi gbígbẹ láìwí fún yín. Tí ẹ bá tún wá so wáyà ilẹ̀ síbi tó jìnnà, iná á gba inú bíárìn kọjá, á sun ojú ọ̀nà tí àwọn róòlà rẹ̀ ń gbà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bíárìn tuntun á bẹ̀rẹ̀ ariwo, gbogbo yín á máa bú ẹni tó ta bíárìn. Tó bá di dandan kí wọ́n jó nǹkan lára férémù, etí ibi tí wọ́n ń jó gan-an ni kí wáyà ilẹ̀ wà. Tó bá sì jẹ́ férémù cast iron ni, irin tí wọ́n yọ́ dà, ẹ fi iná sílẹ̀ pátápátá, àwọn tó ń fi pín-ìnì irin rán ibi tó bá là pọ̀ láìlo iná ni kí ẹ pè.

Gbígbọ̀n_Kì_Í_Purọ́:
Àbúrò, ohun tó o fi kádìí ọ̀rọ̀ rẹ, tó o ní o ò mọ̀ bóyá ó kàn án, òun gan-an ni ẹjọ́. Soleplate rẹ ń fò sókè sódò lórí grout, ìyẹn àdàlù tí wọ́n rọ sáàárín pílétì àti kọnkéré kó lè jókòó pẹ́pẹ́. Tó bá gbéra á fa omi wọlé, tó bá jókòó á tú u jáde, ó ti di pọ́ọ̀ǹpù nìyẹn, gbogbo ìgbà tó bá sì tú u jáde ló ń bu grout díẹ̀ lọ. Àwọ̀ eérú tó ò ń rí yẹn, sìmẹ́ǹtì ni.

Má wulẹ̀ gbà mí gbọ́, wọ̀n ọ́n. Jẹ́ kí ẹ̀rọ wà lórí eré tó máa ń sá, wọn gbígbọ̀n lórí ẹsẹ̀ férémù, wọ̀n ọ́n lórí soleplate, wọ̀n ọ́n lórí kọnkéré, kí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta súnmọ́ra. Ibi tí nǹkan bá ti so mọ́ra dáadáa, nọ́mbà wọn ò ní jìnnà síra. Ibi tí nọ́mbà bá ti já wálẹ̀ lójijì, ibẹ̀ ni àlàfo wà. Ká ní o rí 6 lórí férémù, 5.5 lórí soleplate, 1 lórí kọnkéré, abẹ́ soleplate ni wàhálà. Tó bá jẹ́ 6 lórí férémù tó sì já sí 1.2 lórí soleplate, àárín àwọn méjèèjì ni, a jẹ́ pé bóòtù tàbí shim, pẹlẹbẹ irin tí wọ́n ń fi sábẹ́ ẹsẹ̀ férémù, ni kó o lọ wò.

Lẹ́yìn náà, tí ẹ̀rọ bá dúró, tí ẹ ti pa iná rẹ̀ tí ẹ sì ti fi kọ́kọ́rọ́ tì í pa, mú òòlù kékeré, máa kan soleplate káàkiri. Ibi tí grout wà á dún kọ́ kọ́. Ibi tí kò sí nǹkan á dún bí agbè òfìfo. Fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká, kó o ya fọ́tò rẹ̀.

Shim_Ni_Tèmi:
Ó dáa, àmọ́ ẹ má tíì dá grout lẹ́bi o. Mo ti bá shim mẹ́sàn-án lábẹ́ ẹsẹ̀ kan rí, àwọn pẹlẹbẹ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn, òmíràn ti dógùn-ún, òmíràn ti ká, gbogbo rẹ̀ wá dà bí tìmùtìmù. Kò yẹ kó ju mẹ́ta sí mẹ́rin lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ kan, stainless sì ni kó jẹ́ níbi omi. Tí àlàfo bá pọ̀, ẹ lo ọ̀kan tó nípọn.

Ẹ dán an wò báyìí: ẹ gbé dial gauge, géèjì alábẹ́rẹ́ tó ń fi hàn bí nǹkan bá sún díẹ̀, lé ẹsẹ̀ férémù, ẹ tú bóòtù kan ṣoṣo, ẹ wo bóyá ẹsẹ̀ yẹn á gbéra. Tó bá ti ju 0.05 mm lọ, ẹsẹ̀ yẹn ò jókòó, bóòtù ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tipátipá. Ẹ fún un padà kí ẹ tó kan èyí tó tẹ̀ lé e. Kí ẹ tó fi shim sí i, ẹ ki feeler gauge, àwọn ewé irin fẹ́lẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo, bọ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí nígbà míì igun kan ló ṣófo, igun tó kọjú sí i ti kanlẹ̀. Tí ẹ bá fi shim pẹrẹsẹ síbẹ̀, ẹ kàn gbé wàhálà láti igun kan lọ sí èkejì ni.

Ọmọ_Róòlù:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti wọ̀n ọ́n. Férémù 6.1, soleplate 5.4, kọnkéré 0.9. Shim méjì péré ló wà níbẹ̀, wọ́n mọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ dúró mo kan òòlù, láti bóòtù kẹta títí dé ìkẹfà, bí ìwọ̀n apá kan, òfìfo ló ń dún. Máníjà fúnra rẹ̀ wá gbọ́ ọ, kò sọ nǹkan kan, ó kàn yí padà ó lọ.

Àmọ́ ohun kan ò yé mi o. Mo ti fa ìlà ọ̀dà gba orí nọ́ọ̀tì dé ara bóòtù kí n lè mọ̀ tó bá yí. Ìlà yẹn ò kúrò lójú kan rárá! Nọ́ọ̀tì ò yí, báwo ló ṣe wá dẹ̀?

Ọ̀gá_Bóòtù:
Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Nọ́ọ̀tì ò yí, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló fẹ́lẹ́. Bóòtù ìdí ẹ̀rọ, ẹ má rò ó bí ìṣó, ẹ rò ó bíi rọ́bà. Tí ẹ bá ń fún nọ́ọ̀tì, ẹ ń na bóòtù ni, fífà tó fẹ́ padà sípò rẹ̀ ló ń di nǹkan mú. Kó lè nà dáadáa, ó gbọ́dọ̀ ní gígùn tí ohunkóhun ò dì mú. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń fẹ́ kí gígùn yẹn tó ìlọ́po 12 ìbú bóòtù. Bóòtù 36 mm, a jẹ́ pé 432 mm. Ìdí tí wọ́n fi ń ki bóòtù bọ páìpù nínú kọnkéré nìyẹn, kí grout má bàa lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Tí ẹ bá fún bóòtù yẹn dé 200 MPa, ìyẹn ìwọ̀n bí fífà inú irin rẹ̀ ṣe le tó, 432 mm tó wà lómìnira á nà tó 0.43 mm. Tó bá wá jẹ́ pé grout ti kún inú páìpù, tó jẹ́ 60 mm lókè nìkan ló lè nà, gbogbo nínà rẹ̀ ò ju 0.06 mm. Grout yín tí omi ń jẹ lábẹ́ yẹn, ọjọ́ mélòó ló máa fi fẹ́lẹ́ tó 0.06 mm? Ọ̀sẹ̀ méjì tí ò ń sọ nìyẹn. Fún ìdí èyí bóòtù tó nípọn jù ò ràn yín lọ́wọ́, ó tún burú díẹ̀ ni, torí agbára kan náà ni ẹ máa fi fún un, kò wá ní nà tó ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún torque wrench o, sípánà tó ń wọn agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì. Bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá agbára tí ẹ fi ń yí nọ́ọ̀tì ni fífi-ara-gbo-ara ń jẹ lára ẹsẹ̀ wíwé (thread) bóòtù àti lábẹ́ nọ́ọ̀tì, díẹ̀ tó kù ló ń na bóòtù. Bóòtù tó dógùn-ún, géèjì á ní ó ti tó, irọ́ ni. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà fọ̀ ọ́, ẹ fi ọ̀rá kan náà kùn ún nígbà gbogbo, kí nọ́mbà tòní àti tọ̀la lè jọra.

Baba_Sípánà:
Mo gbọ́. Àmọ́ ẹ̀rọ tiwa ṣì ń sáré.

Shim_Ni_Tèmi:
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ kan òòlù mọ́ ọn ná 😂

Birikìlà_Ẹ̀rọ:
Iṣẹ́ mi rèé, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀. Ẹ yọ grout tó ti bàjẹ́ yẹn kúrò, ẹ ha kọnkéré, ẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kó mu omi mọ́jú, kí ẹ tó da epoxy, grout oníkẹ́míkà tó ń le bíi gọ́ọ̀mù, sí i.

Epoxy_Sáà:
Birikìlà, ẹ dúró níbẹ̀! Omi mọ́jú, ti grout sìmẹ́ǹtì nìyẹn. Òun la máa ń fi omi rin kọnkéré fún bíi wákàtí 24, ká wá gbọn èyí tó bá dúró lójú rẹ̀ kúrò, kí kọnkéré gbígbẹ má bàa fa omi inú grout mu. Epoxy kò fẹ́ omi. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ táútáú. Tí ẹ bá dà á sórí kọnkéré tútù kò ní lẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá tún kan òòlù agbè ni ẹ ó gbọ́.

Àmọ́ kí wọ́n tó tú gbogbo ẹ̀, ọ̀nà kan wà tó kéré jù ìyẹn lọ. Ẹ lu ihò tín-ín-rín la soleplate kọjá níbi tí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí ká, ẹ gé ẹsẹ̀ wíwé bíi ti inú nọ́ọ̀tì sí ihò yẹn kó lè gba ẹnu ibi tí à ń gbà fa gírísì sí nǹkan, ẹ wá máa fi ìbọn gírísì rọ epoxy tó ń ṣàn wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹ lu ihò míì tí afẹ́fẹ́ á máa gbà jáde. Tí epoxy bá yọ nínú ihò kejì, ó ti kún dé ibẹ̀ nìyẹn, ẹ dí àkọ́kọ́, ẹ bọ́ sí ìkejì. Kí dial gauge wà lórí soleplate látìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí ìbọn gírísì lágbára ju bí ẹ ṣe rò lọ, mo ti rí ibi tó ti gbé pílétì sókè tí róòlù fi kúrò nílà. Tí abẹ́rẹ́ géèjì bá ti mì báyìí, ẹ dáwọ́ dúró.

Alẹ́_Ṣíìfù:
A ṣe èyí tí Epoxy_Sáà sọ yẹn, oṣù mẹ́rin péré ló fi dúró. Owó la fi ṣòfò.

Epoxy_Sáà:
Epo ńkọ́? Ṣé epo wà níbẹ̀?

Alẹ́_Ṣíìfù:
Epo? Bíárìn òkè ibẹ̀ ń jò láti ìgbà tí mo ti débẹ̀.

Epoxy_Sáà:
Ó parí. Kọnkéré tó ti mu epo, kò sí nǹkan tó ń lẹ̀ mọ́ ọn, epo yẹn sì tún ń sọ kọnkéré fúnra rẹ̀ di ẹlẹgẹ́. Ẹ rọ epoxy kún un kẹ́, á kàn dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí àkàrà nínú epo ni. Ibẹ̀ yẹn, gígé ló kù. Ẹ gé títí ẹ ó fi kan kọnkéré tó mọ́, tí òkúta inú rẹ̀ hàn. Òòlù tó fúyẹ́ ni kí ẹ lò, èyí tó wúwo máa ń la kọnkéré nísàlẹ̀ láìjẹ́ kí ẹ mọ̀. Ẹ má sì ṣe é láìbo imú, eruku kọnkéré ń pa ẹ̀dọ̀fóró. Epoxy náà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹni tó bá ti ń yún lára tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní lè sún mọ́ ọn mọ́.

Birikìlà_Ẹ̀rọ:
Mo gbà, mo pa méjèèjì pọ̀ ni. Ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan san án: jack screw, bóòtù kéékèèké tí wọ́n fi ń gbé soleplate sókè kó lè wà nílà kí wọ́n tó da grout. Ẹ fi gírísì àti téèpù wé e, tí grout bá ti le tán ẹ tú u padà sókè. Tí ẹ bá fi sílẹ̀, orí góńgó irin mẹ́rin ni ẹ̀rọ jókòó lé, kò jókòó lé grout rárá. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé rẹ̀. Apá ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo sì ni kí ẹ ti máa dà á, kó ṣàn jáde lódì kejì, tí ẹ bá dà á láti ọ̀tún àti òsì, afẹ́fẹ́ á há sáàárín.

Àǹtí_Wetend:
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ grout, kò sẹ́ni tó bi í pé níbo ni omi ti ń wá. Ọmọ_Róòlù, tó o bá fi epoxy tó dáa jù láyé síbẹ̀, tí omi ṣì ń dà sórí ẹ̀, o máa padà wá béèrè ni. Lọ dúró síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fọ ẹ̀rọ. Mo fẹ́ fi orí mi lé e pé àwọn ọmọ ń fi họ́ọ̀sì alágbára fẹ́ omi tààrà sí ojúkò ibi tí férémù àti soleplate ti pàdé, torí pulp, ìyẹn ògì tí wọ́n fi ń ṣe pépà, máa ń kó síbẹ̀. Kí wọ́n fẹ́ ẹ láti òkè lọ sísàlẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀pá kó èyí tó bá kù. Kí ojú grout dagun kí omi má dúró, kí wọ́n sì fi ohun tó ń rọ̀ dí etí soleplate, ẹ má fi sìmẹ́ǹtì dí i, yóò là.

Èyí tí ẹnikẹ́ni ò sọ: kí ni ẹ ń lò nínú pulp yín? Tó bá jẹ́ álọ́ọ̀mù ẹ ń lò, omi yín á ní ásíìdì díẹ̀, sulfate inú álọ́ọ̀mù sì ń bá sìmẹ́ǹtì jà, ó ń mú kó wú kó sì là. Níbi bẹ́ẹ̀, epoxy ṣáájú grout sìmẹ́ǹtì dáadáa. Chlorine tí wọ́n ń dà láti pa ìdọ̀tí yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ náà ń jẹ stainless tó bá pọ̀ jù, abẹ́ ìdọ̀tí yẹn fúnra rẹ̀ sì ni kòkòrò tín-ín-rín tó ń jẹ irin máa ń gbé, nítorí náà kí ẹ máa kó o kúrò ju kí ẹ máa da kẹ́míkà lé e lórí.

Tí férémù yín bá jẹ́ irin lásán tí wọ́n fi stainless bò, ẹ máa wo ojú ibi tí wọ́n jó o. Ibi tó bá là bí irun orí, omi á gba ibẹ̀ wọ ẹ̀yìn stainless, férémù á máa jẹrà nínú, ìta á ṣì máa dán. Mo ti fi ìka ti ọ̀kan rí, ó wọlé.

Ọmọ_Dryer:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n dá ọ̀rọ̀ sí i díẹ̀, ṣé bí a ó ṣe ṣe dryer, apá tí wọ́n ti ń fi ooru gbẹ pépà, náà nìyẹn? Tiwa, ilé bíárìn tó wà níwájú, níbi tí òṣìṣẹ́ máa ń dúró sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì. Mo fẹ́ dè é mọ́lẹ̀.

Gbígbọ̀n_Kì_Í_Purọ́:
Dúró! Má dè é! Kọ́kọ́ wò ó bóyá kì í ṣe orí ẹsẹ̀ onítẹ̀lọ́lọ̀ ló wà, èyí tí wọ́n ṣe kó lè máa fì. Sílíńdà dryer máa ń gùn sí i tí sítíìmù bá wọ inú ẹ̀. Sílíńdà mítà 6 tó kúrò ní 30 °C bọ́ sí 140 °C máa gùn sí i tó 7 mm. Ẹ̀yìn lápá mọ́tò ni wọ́n dè mọ́lẹ̀, iwájú ni wọ́n fi sílẹ̀ kó lè rìn. Tó o bá dè é, 7 mm yẹn á wá ibòmíràn lọ, bíárìn tàbí férémù ló máa san án. Ohun tó yẹ kó o ṣe ni kó o rí i pé ẹsẹ̀ yẹn ń fì dáadáa, kò há, ìdọ̀tí tàbí ọ̀dà ò dì í. Tó bá tutù á fì sẹ́yìn díẹ̀, tó bá gbóná dáadáa á dúró gangan. Ní 1995 ni SKF, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bíárìn, mú bíárìn CARB jáde tó ń gba gígùn yẹn sínú ara rẹ̀, ilé bíárìn wá lè wà lójú kan. Tó bá jẹ́ irú ìyẹn lo ní, a jẹ́ pé òtítọ́ ni pé kò yẹ kí ẹsẹ̀ mì.

Ooru ibẹ̀ náà tún wà. Epoxy lásán máa ń rọ̀ tó bá gbóná jù, ẹ béèrè èyí tó lè gba ooru tàbí kí ẹ lo ti sìmẹ́ǹtì.

Ọmọ_Dryer:
Haa. Ọlọ́run ló yọ mí. Tẹ̀lọ́lọ̀ ni.

Ọmọ_Róòlù:
Mo ti dé o. A ti tú u nígbà tí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró fún àtúnṣe ńlá. Abẹ́ soleplate, ìdajì grout ti lọ, omi nìkan ló kù. Birikìlà_Ẹ̀rọ, a bá jack screw méjì tí wọn ò tú láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ yẹn kalẹ̀, ti dógùn-ún, orí wọn ni férémù ti ń jó síwá sẹ́yìn. Ọ̀gá_Bóòtù, inú páìpù bóòtù méjèèjì kún fún grout dé òkè, ọjọ́ kan gbáko la fi gbẹ́ ẹ. Epo díẹ̀ wà ní igun kan, a gé e títí a fi kan òkúta. Epoxy la lò. A fi lésà wọn ìlà róòlù ká tó fún bóòtù àti lẹ́yìn tí a fún un tán.

Lónìí ó pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, 1.9 mm/s lórí ilé bíárìn, 1.1 lórí soleplate, bóòtù ò dẹ̀. Àǹtí_Wetend, àwọn ọmọ họ́ọ̀sì ni lóòótọ́, mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ́ wọn bí wọn ó ṣe máa fẹ́ ẹ.

Àmọ́ férémù ẹ̀gbẹ́ kejì, mo kan òòlù lù ú lánàá, igun kan ti ń dún bí agbè níbẹ̀ náà. Omi ò tíì máa yọ o. Ṣé kí n dúró de àtúnṣe tó ń bọ̀ ni àbí ká rọ epoxy sí i báyìí?

Epoxy_Sáà:
Tí kò bá sí epo níbẹ̀, báyìí ni, kó tó fẹ̀.

Baba_Sípánà:
Fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká ná, kó o kọ ọjọ́ sí i lára. Èmi náà kan tiwa lánàá. Ẹ má bi mí bó ṣe dún.